Ṣòkòtò Tí Dírẹ́bà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ikùn Dírẹ́bà tóbi. Mi ò ní torí pé èèyàn dáadáa ni kí n wá bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé orí ìjókòó ló ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé kiri láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ibo ló fẹ́ kí oúnjẹ náà gbà? Iwájú ló gbà. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ sọ fún un. Yóò dìde fùú, yóò fa ikùn wọlé bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára, yóò gbá ìbàdí rẹ̀ pàá, yóò ní, "Méjìlélọ́gbọ̀n! Nọ́ńbà tí mo ní lọ́jọ́ tí mo gbéyàwó náà ni mo ṣì ní. Kò fi ẹyọ kan lé!" Ohun tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè já a nírọ́ ni pé ṣòkòtò rẹ̀ máa ń bá a mu. Gbogbo ẹ̀ pátá ló ń bá a mu, láìfún un, láìtóbi jù ú.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán wọn. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àfi bí ẹni pé kò sí aránṣọ mìíràn láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ débi pé bí o bá yí aṣọ tó rán sódì, wàá rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó o tó mọ̀ pé òdì ni. Bí ojú ìrán kan bá wọ́ bíńtín báyìí, tí ẹlòmíì ò ní rí, Aránṣọ á tú u palẹ̀. "Aṣọ tó bá ti ọwọ́ mi jáde, èmi ni wọ́n ń rí lára ẹ̀," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbé ìránkúràn wá síwájú rẹ̀, ohun tí etí ẹ̀ ò gbọ́ rí ló máa gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Àfi bí oríkèé ìka rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kọ́kọ́ dà bí eré, nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àlùmọ́gàjí náà kò ṣeé pa dé. Wọ́n ní kó sinmi. Aránṣọ sinmi o. Ó fi aṣọ bo maṣíìnì, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ, ó wá jókòó sí pálọ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ilé bá dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá aránṣọ gbélé rí, ẹ ò lè mọ bí irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe rí. Dírẹ́bà ti fi ìró maṣíìnì yẹn jẹun, ó ti fi sùn, ó ti fi tọ́ ọmọ títí àwọn ọmọ fi lọ ilé tiwọn. Ẹ̀rù wá ń bà á wàyí. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé tí maṣíìnì yẹn bá fi lè jáde nínú ilé yìí, ìyàwó òun á bá a jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga pálọ̀ yẹn náà ló ṣì máa jókòó sí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan báyìí ni Aránṣọ la ẹnu, tó ní, "Kíákíá ń bọ̀ wá gbé maṣíìnì lọ́jọ́ Sátidé."

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni Kíákíá, òun náà ti di ọ̀gá, ó ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní àdúgbò kejì. Ọwọ́ rẹ̀ tó yá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yẹn ṣe yá tó, ẹnu rẹ̀ ṣì ń yá jù ú lọ.

"Gbé e lọ síbo?" Dírẹ́bà bi í.

"Sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò lò nínú ilé, ẹrù lásán ni."

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Dírẹ́bà kó tó rántí pé èèyàn máa ń rò ó kó tó sọ̀rọ̀. "Ta ní ò lò ó? Èmi máa lò ó!"

Aránṣọ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ rán ṣòkòtò. Ṣòkòtò ara mi."

"Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí bọ́tìnnì bá já, wáyà lẹ fi ń so ó?"

"Ìyẹn nígbà yẹn o. Ojú ti là."

Aránṣọ bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré kan ni, imú ló gbà jáde, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tí irú ẹ̀ ti jáde kẹ́yìn nínú ilé yẹn. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Dírẹ́bà. Bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, orí ẹ̀ wú, ó ní òun lè rán kóòtù pàápàá tí wọ́n bá ní kóun rán an.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ rán an. Ẹ̀yin nìkan o. Mi ò ní fọwọ́ kan ṣòkòtò yẹn, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ sí i. Tí Kíákíá bá dé lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ jáde síwájú ẹ̀. Tí Kíákíá bá wò ó, tí kò rẹ́rìn-ín, maṣíìnì ò lọ síbì kankan. Àmọ́ tó bá rẹ́rìn-ín…"

"Kò ní rẹ́rìn-ín!"

"Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ láé."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dírẹ́bà ra aṣọ. Ó rà á lọ́pọ̀, ìyẹn nìkan ló fi gbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó nípọn bí aṣọ àgọ́. Ó gbé e dé yàrá ìránṣọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ara rẹ̀ ká ni! Ó fà á dé itan, ó dáa. Ó fẹ́ fà á dé orúnkún, ó di pé kó dìde díẹ̀. Bó ṣe dìde, ẹsẹ̀ yẹ̀ kúrò nínú ìlà. Ó tún dùbúlẹ̀, ọwọ́ ò tó o. Àṣé òótọ́ làwọn àgbà sọ, pé bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ṣọ́ọ̀kì ti kun gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Aránṣọ sì jókòó sí pálọ̀, ó ń wò ó. Ó ti ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Dírẹ́bà ní kí ni òun tilẹ̀ ń da ara òun láàmú sí, ṣebí òun mọ nọ́ńbà òun. Méjìlélọ́gbọ̀n. Ó fi téèpù wọn méjìlélọ́gbọ̀n sórí aṣọ, ó gé e gẹ́ẹ́.

Ti maṣíìnì ló wá kù. Maṣíìnì elẹ́sẹ̀ ni. Ẹ sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ dírẹ́bà kì í rí ohun títẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó wo iwájú, ó gbé ọwọ́ lé aṣọ bí ẹni di ìdarí ọkọ̀ mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kà-kà-kà-kà-kà! Aṣọ sáré. Òun náà ń fọwọ́ lé e lọ. "Bíréèkì!" ó kígbe, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wá bíréèkì káàkiri abẹ́ maṣíìnì. "Bíréèkì dà?" Ìgbà tí òwú já ni eré tó dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó wo ojú ìrán tó gùn gbọọrọ, inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ dìde kó lọ fi yangàn ní pálọ̀. Kò lè dìde. Ó ti rán etí ẹ̀wù ọrùn ara rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Kò lè ké pe ìyàwó rẹ̀. Ojú ń tì í. Ó rọra yọ orí jáde nínú ẹ̀wù, ó jókòó pẹ̀lú àyà lásán, ó ń tú òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní pálọ̀, Aránṣọ sáré wọ ilé ìdáná, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Dírẹ́bà gbọ́ tí ìdérí ìkòkò kan já bọ́ lulẹ̀, kò mọ̀ pé ẹ̀rín ló jẹ́ kó já bọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn lójoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Aránṣọ ti búra pé òun ò ní sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́, àmọ́ ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Tí Dírẹ́bà bá fẹ́ fi àpò síbi tí àpò kì í wà, "Ẹ̀hẹ̀n!" á ta látorí àga ní pálọ̀. Tó bá tún fẹ́ tẹ maṣíìnì láìsọ irin tó ń di aṣọ mú kalẹ̀, "Ẹ̀hẹ̀n! Ẹ̀hẹ̀n!"

"Ṣé kí n lọ ra oògùn ikọ́ fún ẹ ni?" Dírẹ́bà béèrè.

"Eruku ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó yí ojú síbòmíì.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ṣòkòtò pé. Dírẹ́bà wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ wọlé, itan wọlé pẹ̀lú wàhálà. Ó wá kan bọ́tìnnì. Ó fa ikùn sínú, kò débẹ̀. Ó tún fà á, ojú rẹ̀ pọ́n, ó di èémí mú, ó dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fi gíga dín fífẹ̀ kù. Àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì àti ihò rẹ̀, ológbò lè gbabẹ̀ kọjá láìfara kàn án.

"Téèpù yìí ti bàjẹ́!" ó pariwo. "Ó ti súnkì!"

Ikọ́ ò ta ní pálọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Dírẹ́bà ò jẹ́ gbà. Ó lọ kó àwọn ṣòkòtò àtijọ́ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ rán, ó ní kóun tú ọ̀kan wò láti mọ ibi tí òun ti ṣì í. Ó tú u láti ẹ̀yìn. Ló bá rí nǹkan. Ní àárín ẹ̀yìn, lábẹ́ bẹ́líìtì, wọ́n ti fi awẹ́ aṣọ kan há a, ó ṣóńṣó nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè, wọ́n sì rán an mọ́ ọn débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó tú òmíì. Awẹ́ wà níbẹ̀ náà, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ó tú èyí tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí: awẹ́ ńlá, pẹ̀lú rọ́bà tó ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì! Ó tẹ́ wọn sílẹ̀, láti orí kékeré dé orí ńlá, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò wọ́n. Ìbàdí rẹ̀ gan-an ló ń wò, bó ṣe ń dàgbà láti ọdún dé ọdún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ó kó gbogbo ẹ̀ dé pálọ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, kí lèyí?"

Aránṣọ wo awẹ́ aṣọ, ó wo àjà, ó wo fèrèsé.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé méjìlélọ́gbọ̀n ni mí àbí èmi kọ́?"

Ìyẹn ló já okùn ẹ̀rín tó ti so mọ́ ọ̀nà ọ̀fun láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Aránṣọ rín, ó rín, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Méjìlélọ́gbọ̀n kẹ̀! Bàbá àwọn ọmọ, kí àkọ́bí wa tó hu eyín lẹ ti kúrò ní méjìlélọ́gbọ̀n!"

"Yéè!" Dírẹ́bà bá jókòó bẹ́ẹ̀, ṣòkòtò ṣì ṣí sílẹ̀ níwájú. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Tẹ́ ẹ bá ń gbá ìbàdí yẹn báyìí, inú yín máa ń dùn, ojú yín á máa dán. Ṣé kí n wá torí aṣọ tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ba irú ìdùnnú yẹn jẹ́?"

Dírẹ́bà ò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, bóyá kóun bínú ni àbí kóun sunkún. Ó rántí gbogbo ibi tó ti fi nọ́ńbà yẹn yangàn, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìtìjú mú un. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín òun ti ìyàwó rẹ̀ sì pàdé, ó di ohun tí aládùúgbò ń kan ògiri sí.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó na téèpù sí i. "Wọ̀n mí."

"Mo ti ní mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Ṣòkòtò lo ní o ò ní fọwọ́ kàn. Èmi kì í ṣe ṣòkòtò."

Aránṣọ rò ó wò. Ó dìde. Ìka rẹ̀ kò lè pa etí téèpù pọ̀, Dírẹ́bà ló dì í mú níwájú, ìyàwó rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára yí ká. Ọwọ́ náà gbóná, ó mọ ọ̀nà tó ń lọ.

"Ẹ jókòó."

"Kí n jókòó kẹ̀? Ìdúró ni wọ́n ti ń wọn èèyàn."

"Ṣé ìdúró lẹ fi ń wa bọ́ọ̀sì ni? Ẹ jókòó, ó jàre. Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ tú ikùn sílẹ̀."

"Mo ti tú u."

"Irọ́ lẹ pa. Ẹ tú u!"

Dírẹ́bà bá tú u. Ikùn jáde wá síta gbangba, ó gbádùn ara rẹ̀, ó jókòó sórí itan ẹni tó ni ín. Ara tù ú débi pé ó pa ojú dé. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà náà sí i létí. Mi ò ní sọ ọ́ fún yín o. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni.

Ọjọ́ Fúráìdeè ni Dírẹ́bà fi gé òmíì nínú aṣọ tó ṣẹ́kù, ó sì rán an. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ maṣíìnì jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó bá ń wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú ilé ìwé. Ka… ka… ka. Ìró náà kún gbogbo ilé. Ní pálọ̀, ẹsẹ̀ Aránṣọ ń lọ sókè sódò lórí ilẹ̀, bóyá òun náà ò tilẹ̀ mọ̀.

Sátidé dé, Kíákíá náà dé, òun àti géńdé méjì pẹ̀lú ọmọlanke. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ ò rí i pé mo tètè dé mà? Àyè ẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti gbálẹ̀ ibẹ̀!"

"Dúró ná," Aránṣọ wí. "Bàbá ẹ ní nǹkan tó fẹ́ kó o wò."

Ilẹ̀kùn ṣí, Dírẹ́bà jáde.

Kí ni kí n ti wí? Ṣòkòtò wà lára rẹ̀, ìyẹn dájú. Àpò ọ̀tún wà níbi tí àpò ń gbé, ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Síìpù rú síta bí ètè ẹja. Ẹsẹ̀ òsì lọ́ yí po, débi pé ojú ìrán tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wá ń wo ẹni tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì wọlé! Ó wọlé wẹ́rẹ́. Dírẹ́bà rìn dé àárín pálọ̀, ó jókòó sórí àga, nǹkan kan kò ya. Ó dìde, kò ya. Kò fa ikùn sínú rárá. Ó dúró gbagidi, ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo ojú Kíákíá bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò.

Kíákíá fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó gbìyànjú o, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn, ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Lójú rẹ̀ bá bọ́ sórí àpò òsì yẹn.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!" Ó ṣubú lu àga, ó ń gbá apá àga náà gbì gbì. "Bàbá! Ta ló ṣe yín báyìí? Ṣé wọ́n bá yín jà ni?" Àwọn géńdé méjèèjì náà gbà á, ọ̀kan di ògiri mú kó má bàa ṣubú.

Ọkàn Dírẹ́bà já. Àdéhùn ni àdéhùn. Ó yí padà, ó wọ yàrá ìránṣọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí maṣíìnì mú láti gbé e. Omi ti gba ojú rẹ̀, kò rí ohun tó dì mú dáadáa.

Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀. "Kí lo ń rín?"

"Ṣòkòtò yìí ni mà! Áà! Ta ló rán an, mà?"

Aránṣọ dìde. Ó rìn wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wo ọkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ṣòkòtò yẹn láti ìbàdí títí dé ilẹ̀, ó wo gbogbo ibi tó wọ́, gbogbo ibi tó lọ́. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ láìwò.

"Èmi ni mo rán an," ó wí.

Ẹ̀rín Kíákíá dá wáí. Orí ìkúnlẹ̀ ló bá ara rẹ̀. "Ẹ̀yin… ẹ̀yin kẹ̀, mà?"

"Èmi ni. Àbí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti wá di ohun tí ẹ̀ ń fi ṣẹ̀rín?"

"Èèwọ̀! Ẹ má bínú mà. Ó… ó dáa mà. Ó gba atẹ́gùn."

"Ṣé o ṣì ń rẹ́rìn-ín?"

"Mi ò rẹ́rìn-ín mà."

"Tún un wò dáadáa."

Kíákíá tún un wò. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti kún fún omijé, àwọn géńdé kọjú sógiri. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àwọn ọmọ," Aránṣọ pè, "ẹ fi maṣíìnì yẹn sílẹ̀. Kíákíá ti wò ó, kò rẹ́rìn-ín."

Wọ́n ti ọmọlanke òfìfo jáde. Wọn ò tíì dé ojú títì tí ariwo ẹ̀rín fi gbòde, ṣùgbọ́n ta ló rí tiwọn rò? Dírẹ́bà ṣì dúró síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí maṣíìnì.

Aránṣọ fa àga kan sún mọ́ ti maṣíìnì, ó jókòó. "Ẹ bọ́ ọ wá. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ò ṣeé rí. Ká tú u."

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi."

Dírẹ́bà ti ń bọ́ ọ níbi tó dúró sí, kò tilẹ̀ rántí pé ilẹ̀kùn ìta ṣì ṣí sílẹ̀.